Ọ̀bẹ Tó Mú, Tí Kò Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Sà Ronald Fisher

Ẹ̀yin àgbà wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sà Ronald Aylmer Fisher,

Mo kí yín lọ́run o. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ mí rí, ẹ ò sì retí ìwé mi. Àmọ́ ẹni tí a jẹ ní gbèsè lẹ́tọ̀ọ́ láti kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yin sì jẹ mí ní gbèsè láti ìgbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Olùkọ́ kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo gàdàgbà sójú pátákó: F. Ó ní orúkọ yín ni lẹ́tà náà ń tọ́ka sí, pé ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Snedecor ló fi dá yín lọ́lá. Ó fi F yìí kọ́ wa títí sáà fi parí. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, mo rí i pé ó ti di F náà fún mi kí n máa gbé e lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpa yín bí ẹni tí wọ́n jí ní ewúrẹ́. Mo ka ìtàn ìgbésí ayé yín tí Joan, ọmọ yín obìnrin, kọ jáde ní 1978. Mo ka tàwọn tí kò fẹ́ràn yín pẹ̀lú. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló mú mi kọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo ayé bí èèyàn ṣe ń fura sí ohun tó dá a lójú, ṣùgbọ́n ẹ ò fura sí èyí tó dá ẹ̀yin lójú rí. Àwọn bàbá wa ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Ẹ lè tan ìkòkò tábà yín. Kò sí ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín máa bà jẹ́ mọ́ níbi tí ẹ wà.

Ká mú un láti ilẹ̀. Ìbejì ni wọ́n bí yín, ní East Finchley ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1890, àmọ́ èkejì yín kò wá láàyè. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n bí yín sí, wọn ì bá gbẹ́ ère fún un, ìyá yín ì bá máa wẹ̀ ẹ́, ì bá máa bu ẹ̀wà fún un, ẹ̀yin náà ì bá sì ti mọ̀ láti kékeré pé ẹnì kan wà nínú ilé tó ní ẹ̀tọ́ láti ta kò yín. Mo fura pé àìsí ère yẹn ló bà yín jẹ́.

Ilé yín kì í ṣe ilé ìṣẹ́. Bàbá yín ń lu àwòrán àti nǹkan ọ̀ṣọ́ olówó ńlá ní gbànjo. Ẹ wà lọ́mọ ọdún 14 nígbà tí ìyá yín kú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí òwò bàbá yín fi dojú dé. Ojú yín kò ríran dáadáa, débi pé nílé ìwé Harrow wọ́n kà á léèwọ̀ fún yín láti kàwé lábẹ́ iná mànàmáná. Ẹnu lásán ni olùkọ́ fi ń kọ́ yín ní ìṣirò lálẹ́, láìsí ìwé, láìsí kálàmù, ẹ̀yin sì ń fi ojú inú ya gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń rí ìdáhùn bí ẹni ń rí igi àgbàlá, kí ló máa to àlàyé sílẹ̀ fún? Gosset, ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí Guinness, ṣàròyé fún yín pé bí òun bá ti dé ibi tí ẹ kọ pé nǹkan hàn gbangba, òun mọ̀ pé iṣẹ́ wákàtí méjì ló délẹ̀ yẹn kó tó hàn sí òun. Bí ó bá ṣe Gosset bẹ́ẹ̀, ẹ má bi mí léèrè bó ṣe ṣe èmi.

Ẹ parí ní Cambridge ní 1912 pẹ̀lú ipò kìíní. Ogun dé ní 1914, ẹ sáré lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n wo ojú yín, wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ di olùkọ́ ilé ìwé, iṣẹ́ tí kò bá yín lára mu rárá. Ní 1917 ẹ gbé Eileen Guinness níyàwó, ọmọ ọdún 17, ẹ ò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́. Bàbá, nílẹ̀ Yorùbá, kí ìdílé méjì tó di àna ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Ẹ̀yin tí ẹ máa tó kọ́ gbogbo ayé ní ìwádìí, ìwádìí tó kọ́kọ́ kàn yín lẹ fò kọjá!

Ní 1919 iṣẹ́ méjì délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Karl Pearson, ọba gbogbo ẹni tó ń fi òǹkà jẹun nígbà náà, pè yín wá sí yàrá ìwádìí Galton ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ ti mọ̀ pé ohun ọ̀gbìn tó bá wà lábẹ́ ìrókò kì í rí oòrùn. Oko lẹ gbà lọ, sí Rothamsted ní Harpenden, níbi tí wọ́n ti gbà yín fún ìgbà díẹ̀, tí ẹ sì fi ọdún 14 jókòó sí.

Wọ́n ní pápá kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Broadbalk, tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà sí lọ́dọọdún láti 1843. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù sí ìlà kan, wọ́n ń fi ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sí òmíràn, wọ́n sì fi òmíràn sílẹ̀ lásán. Ohun tí wọ́n kórè nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, ìwé tó lé ní 70 ọdún sì ti kún ilé. Ẹni tó gbà yín síṣẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ọgbọ́n kan ṣì kù nínú òkìtì náà.

Àgbẹ̀ tó bá ti gbin àgbàdo sẹ́bàá ààtàn rí mọ ohun tí ẹ bá pàdé. Ká ní ó fi ajílẹ̀ sí apá ẹ̀bá ààtàn, tí kò fi sí apá òkè níbi òkúta. Àgbàdo ẹ̀bá ààtàn wá yọ ọmọ gbọ̀ngbọ̀n. Ta ló ṣe é: ajílẹ̀ ni àbí ààtàn? Lójú àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, ajílẹ̀ tó fowó rà ni. Owó tó bá ti jáde lápò ẹni máa ń pariwo ju ilẹ̀ lọ.

Ọ̀nà àbáyọ tí ẹ mú wá kò ṣàjèjì sí wa, torí àwọn bàbá wa ń fi í pín ohun tí ìjà lè dé sí: ẹ ní ká ṣẹ́ gègé. Pín pápá sí ìsọ̀rí, kí ilẹ̀ tó jọra wà pa pọ̀. Nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, má fi ojú ara rẹ yan ibi tí ajílẹ̀ máa bọ́ sí, jẹ́ kí gègé yàn án, kí ọkàn rẹ tó ti ń ṣègbè má bàa rí ọwọ́ tì í. Lẹ́yìn ìkórè, wo bí ibi tó gba ajílẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ibi tí kò gbà, kí o sì fi wé bí ilẹ̀ ṣe máa ń yàtọ̀ síra láyè ara rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ bá fi ìlọ́po púpọ̀ ju èkejì lọ, ajílẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìlọ́po yẹn ni F. Gbólóhùn márùn-ún péré ló gbà mí láti sọ ọ́ báyìí, olùkọ́ mi fi odindi sáà kan bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ ọ̀nà yìí sínú ìwé méjì, ọ̀kan ní 1925, ọ̀kan ní 1935, kò sì sí ilẹ̀ tí àwọn ìwé náà kò dé. Lóko ìwádìí IITA n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń dán oríṣi ẹ̀gẹ́ wò, àti lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ipa ẹsẹ̀ yín ni wọ́n ń tọ̀ títí dòní. Ilé ìwòsàn náà gbà á lọ́wọ́ oko. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1948, nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn streptomycin ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, Austin Bradford Hill ṣẹ́ gègé láàárín àwọn aláìsàn bí ẹ ti ń ṣẹ́ ẹ láàárín ẹbè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí orúkọ Hill yìí. A ó tún pàdé rẹ̀ níwájú, inú yín kò sì ní dùn.

Kí ìjà tó dé, ẹ jẹ́ ká mu tíì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Rothamsted, ẹ bu tíì fún Muriel Bristol, tó ń ṣe ìwádìí àwọn ewé omi wínníwínní tó ń gbé inú ilẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní tíì lẹ kọ́kọ́ dà kí ẹ tó da mílíìkì lé e, òun sì fẹ́ràn kí mílíìkì ṣíwájú. Ẹ rẹ́rìn-ín pé kò sí ahọ́n tó lè mọ ìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni William Roach, tó padà fẹ́ obìnrin náà, ní ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ rí i pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ tó ti pẹ́ nílé ì bá ní, ẹ fi í sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ife mẹ́jọ ni ẹ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé yín ti 1935. Mílíìkì ṣíwájú nínú mẹ́rin, tíì ṣíwájú nínú mẹ́rin, gègé ló to wọn. Ẹni tó ń tọ́ ọ wò mọ̀ pé mẹ́rin mẹ́rin ni, ó kàn fẹ́ ṣa mẹ́rin jáde ni. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ṣa mẹ́rin nínú mẹ́jọ jẹ́ 70, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì pé. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tó kàn ń fẹnu sọ, ìgbà kan nínú 70 ni orí lè bá a ṣe é. Nítorí náà, bí obìnrin náà bá gba mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó le fún wa láti pè é ní oríire lásán. Èyí dùn mọ́ mi ju gbogbo ìṣirò yín yòókù lọ. Ẹ ò ní kí ọlọ́fọ́nnu panu mọ́, ẹ ò sì ní ká gbà á gbọ́. Ẹ ní ká gbé ife kalẹ̀.

Ohun kan ló ń yà mí lẹ́nu. Nínú gbogbo ojú ewé tí ẹ fi sọ ọ̀rọ̀ tíì, ẹ ò dárúkọ obìnrin náà, ẹ ò sì sọ iye tó gbà. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà ní gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló mọ̀. Bàbá, ṣé ẹ gbàgbé ni, àbí ẹ ò fẹ́ ká mọ̀ pé ahọ́n obìnrin gbá yín mọ́lẹ̀ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ sọ ní 1925, tó di òrìṣà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ ní bí ohun tí a rí bá jẹ́ irú èyí tí oríire lásán kì í mú wá ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 20 lọ, ìyẹn 0.05, ó rọrùn láti fi ibẹ̀ ṣe ààlà. Ó rọrùn lẹ wí o, ẹ ò ní Ọlọ́run ló sọ ọ́. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí 0.049 nínú iṣẹ́ rẹ̀ á pe àwọn ẹbí jọ, èyí tó bá rí 0.051 á bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ní 1956 ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí onímọ̀ tó mọṣẹ́ tó máa fi ààlà kan náà de ara rẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́dọọdún. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn abọrẹ̀ ti kọ́ ojúbọ, wọ́n ti ń gba ewúrẹ́.

Ó wá ku ẹnu yín. Ní 1922 ẹ fi hàn pé Pearson ṣi nǹkan kan kà nínú ìṣirò rẹ̀ tó lókìkí jù. Òótọ́ wà lọ́wọ́ yín, gbogbo ayé ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ẹ ń gún un títí ó fi kú ní 1936, nígbà tó kú tán ẹ tún ń gún un. Nígbà tí ẹ gba àga rẹ̀ ní University College ní 1933, wọ́n ní láti la ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí méjì, kí ẹ mú ọ̀kan, kí Egon ọmọ Pearson mú èkejì. Yàrá ìsinmi kan náà lẹ jọ ń lò, ṣùgbọ́n àwọn ti Egon ń mu tíì tiwọn ní agogo mẹ́rin, agogo mẹ́rin ààbọ̀ tí wọ́n bá ti jáde tán ni ẹ̀yin àti ìjọ yín ń wọlé. Tíì tó sọ yín di olókìkí náà ló wá di ohun tí ẹ ò lè jọ mu. Jerzy Neyman pàápàá, tó kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún yín, kó ẹrù rẹ̀ ní 1938, ó lọ sí Berkeley ní California. Ẹ tún máa rántí Neyman fún mi.

Òkú pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ yín. Ní 1936 ẹ yẹ iye ẹ̀wà tí Mendel, bàbá ìmọ̀ ohun tí ọmọ ń jogún, kà sílẹ̀ wò. Ẹ ní òǹkà náà dára jù, pé ohun tí a gbìn sílẹ̀ kì í gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀, pé ó jọ bíi pé ọmọ iṣẹ́ kan tó mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ gbọ́ ló tún un ṣe. Ojú yín mú, ó mú débi tí ẹ fi rí i pé ọmọ iṣẹ́ kan ń ṣègbè fún ọ̀gá lẹ́yìn bí 70 ọdún. Bẹ́ẹ̀ èéfín ìkòkò yín wà lójú yín níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ìkòkò náà wàyí. Ní 1950, Richard Doll àti Hill tí mo ní kí ẹ rántí tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àtàwọn tí kò ní, pé àwọn tó ní in fi sìgá mímu ju àwọn yòókù lọ. Ní 1951 wọ́n kọ̀wé sí àwọn dókítà ilẹ̀ Bìrìtìkó, èyí tó lé ní 40,000 dáhùn, wọ́n sì ń ka àwọn tó ń kú àti ohun tó ń pa wọ́n. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdáhùn kò yí padà. Doll fúnra rẹ̀ ń mu sìgá. Nígbà tí òǹkà ara rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó sọ sìgá nù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ní 1957 ẹ gbé kálàmù, ẹ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àwọn dókítà. Ní 1958 ẹ kọ sí Nature. Ní 1959 ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé pélébé kan. Ẹ tún gba iṣẹ́ olùdámọ̀ràn lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn tó ń ṣe sìgá. Mi ò ní sọ pé owó ló ra ẹnu yín. Ẹni tó fẹ́ràn ìkòkò rẹ̀ tó bí ẹ ti fẹ́ràn tiyín lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́ gègé pé kí ẹni báyìí mu sìgá, kí ẹni báyìí má mu ún. Òótọ́ ni, ìbéèrè gidi sì ni. Ẹ ní bóyá ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú èèyàn fẹ́ sìgá, tó sì tún ń fún un ní jẹjẹrẹ. Ẹ wá kó ìbejì jáde láti fi gbè é: ẹ ní àwọn tó jọra bí omi méjì máa ń jọra nínú sìgá mímu ju àwọn tí kò jọra lọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí o. Ẹdun tí èkejì rẹ̀ kú lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀jìrẹ́ ọmọ ẹlòmíì ló wá fi ṣe ẹlẹ́rìí sìgá. Ẹ tilẹ̀ béèrè bóyá jẹjẹrẹ tó ń bọ̀ lọ́nà ló ń mú èèyàn máa mu sìgá, kí ara lè tù ú. Ìyẹn ni pé òjò kọ́ ló jẹ́ ká gbé agboòrùn, agboòrùn ló lọ pe òjò wá.

Ará Amẹ́ríkà kan, Jerome Cornfield, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò dá yín lóhùn ní 1959, láìbú yín. Wọ́n ní bí jẹjẹrẹ yìí bá ń pa àwọn tó ń mu sìgá ní ìlọ́po mẹ́sàn-án àwọn tí kò mu, tí kì í sì í ṣe sìgá ló ń pa wọ́n, a jẹ́ pé ohun tó fara pa mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ náà ní láti pọ̀ lára wọn ní ìlọ́po mẹ́sàn-án, ó kéré tán. Ẹ mú un wá ká rí i. Ẹ ò rí i mú wá. Ká ní Pearson ló ń gbèjà sìgá ni, mo búra pé ẹ̀yin lẹ máa kọ ìdáhùn yẹn, ẹ̀ bá sì fi èébú sí i.

Ọ̀rọ̀ tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Láti 1911 tí ẹ ti wà lọ́mọ ilé ìwé ní Cambridge lẹ ti wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ yùjẹ́níìkì sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ tó ní ká máa ṣa ọmọ èèyàn bí a ti ń ṣa irúgbìn. Nígbà tí UNESCO kó àwọn onímọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, tí wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé wọ́n bí ọpọlọ mọ́ ẹ̀yà kan ju ẹ̀yà mìíràn lọ, ẹ ò gbà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1952 gbé àtakò yín jáde, pé àwọn ẹ̀yà yàtọ̀ síra gan-an nínú ọpọlọ àti ìmọ̀lára tí wọ́n bí mọ́ wọn.

Bàbá, ife mẹ́jọ dà? Gègé dà? Ta ló ṣẹ́ gègé pé kí wọ́n bí ọmọ kan sílé tí ìwé kún, kí wọ́n bí ọmọ kejì sóko òwú, ká tó wá máa fi orí wọn wéra? Ẹ̀bá ààtàn àti orí òkúta nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má ṣe fi àgbàdo orí òkúta dá irúgbìn lẹ́bi.

Nítorí pé Olódùmarè náà mọ àwàdà, inú iṣẹ́ yín gan-an ló ti fèsì. Ẹ̀yin lẹ mú èrò kan wá pé nínú gbogbo òǹkà tí a kó jọ, èyí tó tó kan lè wà tó fa gbogbo oje ọ̀rọ̀ náà mu, tí ìyókù sì di háhá. Ní 1945, ọmọ Íńdíà kan tó ń jẹ́ C. R. Rao fi hàn ní Calcutta pé ẹni tó bá gba inú èrò yín yìí tún ìfojúdíwọ̀n rẹ̀ ṣe, kò ní burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì sábà máa ń dára sí i. Ní 1947, láìgbọ́ ti Rao, David Blackwell rí ohun kan náà ní Yunifásítì Howard. Aláwọ̀ dúdú ni Blackwell, ọmọ Centralia ní Illinois. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1941, ó wà lọ́mọ ọdún 22. Ẹ rántí Neyman? Neyman fẹ́ mú un wá sí Berkeley láti 1942, àwọ̀ ara rẹ̀ ló dènà. Ó tó 1954 kó tó débẹ̀. Ní 1965 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sínú National Academy of Sciences ti Amẹ́ríkà.

Rao ní tiẹ̀ wá sí Cambridge, abẹ́ yín ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó pé ọmọ ọdún 102 kó tó kú ní 2023. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí òfin náà lónìí, Rao àti Blackwell, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ sítátísíìkì tó lè jáde yunifásítì láìkọ́ ọ. Lára igi tí ẹ fọwọ́ gbìn ni àwọn ẹ̀yà tí ẹ ń ṣiyèméjì sí ti ká èso tó dùn jù.

Àwọn ará ilé yín náà ti dá ẹjọ́ díẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ní Cambridge, Gonville and Caius, fi fèrèsé gíláàsì aláwọ̀ mèje ṣe ìrántí yín ní 1989, oríṣi ẹbè àdánwò yín ni wọ́n yà sí i. Ní 2020 wọ́n yọ ọ́. Lọ́dún kan náà, wọ́n yọ orúkọ yín kúrò lára àmì ẹ̀yẹ tó tóbi láàárín àwọn onísítátísíìkì Amẹ́ríkà. Èmi ò gbé òòlù lọ́wọ́, Bàbá. Wọ́n yọ fèrèsé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yọ F kúrò lóko. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ká ju iṣẹ́ yín nù nítorí ẹnu yín kò tíì gbin nǹkan kan rí. Ẹni tó bá sì ní ká pa ẹnu yín mọ́ nítorí iṣẹ́ yín kò ka iṣẹ́ náà dáadáa.

Ẹ lọ lo ìgbẹ̀yìn yín ní Adelaide ní Ọsirélíà, ibẹ̀ lẹ sì ti sùn ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1962, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun. Eérú yín wà nínú kàtídírà St Peter níbẹ̀. Ìfun ni, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ gàdàgbà, mo ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí n má bàa jẹ́ ẹni tó ń tọ́ka sí èkù ọ̀bẹ ẹlòmíì, mo gbé tèmi kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó pẹ́ tí mo ti ń fọ́nnu nínú ilé pé kò sí gàárì Ìjẹ̀bú tí mi ò ní dá mọ̀ bí mo bá di ojú, àti pé owó tí mò ń ná lé e kò ṣòfò. Ìyàwó mi po abọ́ mẹ́jọ, mẹ́rin gàárì Ìjẹ̀bú, mẹ́rin gàárì ọjà lásán. Ọmọbìnrin wa kọ bébà mẹ́jọ sínú fìlà mi, ó ṣẹ́ gègé, wọ́n fi ìborùn dì mí lójú. Mo tọ́ ọ wò, mo mi orí bí ọba, mo yan mẹ́rin.

Mo gba mẹ́fà nínú mẹ́jọ. Mo ti ń jó nígbà tí ọmọ yẹn mú ìwé jáde. Ó ní nínú 70 ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yàn, 17 ló máa gbé ẹni tí kò mọ nǹkan kan dé mẹ́fà tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Mo ní kí ó jẹ́ ká tún un ṣe. Ìyàwó mi ní gàárì ti tán.

Láti ọjọ́ náà, gàárì tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà ni à ń rà.

Èmi ni,
Akẹ́kọ̀ọ́ yín tó gba F.